Bàálù Tí Mo Sọ Ní Orúkọ Tí Kì Í Ṣe Tirẹ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń múra àtiwọ yunifásítì ló bi mí lọ́jọ́ kan pé iṣẹ́ wo gan-an ni mo ṣe nílé iṣẹ́ tẹlifíṣàn fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò fi rí mi lórí tẹlifíṣàn rí. Ó rò pé ilẹ̀ ni mò ń gbá. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó jókòó. Ohun tí mo sọ fún un ni mo kọ sílẹ̀ yìí, fún ẹ̀yin tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì, tí ẹ ò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ máa mú.

Olùtọ́jú fíìmù ni mí. Inú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wa ní Ìlọrin, ni mo ti lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé mi. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, kì í ṣe nítorí tiwa o, nítorí àwọn fíìmù ni. Orí pákó tó yí ògiri ká ni a to àwọn agolo pẹrẹsẹ sí, fíìmù kọ̀ọ̀kan nínú agolo tirẹ̀, agolo kọ̀ọ̀kan sì ní káàdì tirẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀. Bí pirodúsà bá fẹ́ àwòrán òjò, tàbí ti màlúù tó ń sọdá títì, ọ̀dọ̀ wa ló ń wá. A ó yẹ káàdì wò, a ó sọ agolo tó wà nínú rẹ̀ fún un. Kì í sábà wo fíìmù náà fúnra rẹ̀ kó tó gbé e lọ, nítorí ó gba káàdì wa gbọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gba àlàyé púpọ̀. Mo jáde ìwé mẹ́wàá ní Ọ̀mù-Àrán, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba mú mi wá sí Ìlọrin, mo kọ̀wé, wọ́n gbà mí. Owó oṣù rẹ̀ tó jẹun, kò tó kọ́lé.

Ọ̀gbẹ́ni Àrẹ̀mú ni ọ̀gá tó kọ́ mi. Ọ̀gá Káàdì ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í gbóhùn sókè, kì í sì í bọ́ ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́ bó bá ti wọ yàrá náà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan fíìmù. Iṣẹ́ mi ni kí n fọ ọwọ́, kí n nù ún, kí n wọ ìbọ̀wọ́, kí n máa yí róòlù tí kò ní nǹkan kan lára. Bí àwọn ọmọ ọ́fíìsì bá ń kọjá, wọ́n á bi mí bóyá mo ti parí ẹ̀kọ́ ọwọ́ fífọ̀. Inú a máa bí mi, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó hàn.

Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi gan-an, bó ṣe ń kọ́ mi nìyí. Á fi fíìmù sínú pírójẹ́tọ̀, á jẹ́ kó sáré bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, á pa iná, á ní, "Kí lo rí?"

"Ìyàwó kan ló ń lọ sódò, sà."

"Ìyàwó? O rí ọkọ rẹ̀ ni?"

"Rárá, sà."

"O rí odò?"

"Ó ru ìkòkò, sà."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Obìnrin kan, ó ru ìkòkò, ó ń rìn. Odò ti wá láti inú orí rẹ, Fúnkẹ́. Mi ò ra inú orí rẹ. Ojú rẹ ni mo gbà síṣẹ́."

Ọdún kan àti ààbọ̀ ló fi sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí mi létí. Bí mo bá kọ "inú bí ọkùnrin náà," á fa ilà pupa sí i, á kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé "ó la ẹnu, ó na ọwọ́." Gbogbo káàdì tí mo bá kọ ló ń kà, á sì buwọ́ lù ú nísàlẹ̀ kó tó wọ dúrọ́ọ̀. Òfin rẹ̀ kejì ni pé a kì í dá fíìmù dúró nínú pírójẹ́tọ̀. Gílóòbù ẹ̀rọ náà gbóná débi pé fíìmù gbọ́dọ̀ máa sáré kọjá níwájú rẹ̀ ni. Bó bá dúró ju ìṣẹ́jú àáyá méjì mẹ́ta lọ, àwòrán tó bá bá a níbẹ̀ á jóná, kò sì sí ẹni tó lè tún un ṣe mọ́. Mo dá a dúró lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ mi ló ṣèèṣì. Àwòrán mẹ́rin péré ló bàjẹ́, ṣùgbọ́n fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọ̀gá kò sọ ju "káàárọ̀" lọ sí mi.

Ẹ má rò pé ọ̀dájú ni. Ọjọ́ tí mo ṣe ìkómọ àkọ́bí mi, ó wá, ó gbé ọmọ lọ́wọ́ mi, ó wò ó dáadáa, ó sì mú káàdì kan jáde lápò, ó kọ nǹkan sí i, ó buwọ́ lù ú. Ohun tó kọ ni pé: "Ọmọ kan. Ó sùn. Wọ́n fi aṣọ funfun wé e." Kò kọ pé obìnrin ni, nítorí kò tú aṣọ ọmọ wò. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọdún kẹrin mi níbẹ̀ ni wọ́n kó páálí àwọn fíìmù àtijọ́ kan wá fún wa láti ọ́fíìsì kan tó kógbá sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní orúkọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru gbé Ọ̀gá lọ sí ilé ìwòsàn. Mo fẹ́ kó dé bá iṣẹ́ tó ti parí, kó mọ̀ pé mo ti dàgbà nídìí iṣẹ́, mo sì kọ káàdì mẹ́tàlélógójì láàárín ọjọ́ méjì. Ọ̀kan nínú àwọn fíìmù náà ti ya lórí, ó ti ya nídìí, kò sì ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Àwọn bàálù ogun ń fò bọ̀ nísàlẹ̀ lórí igi, àwọn sójà ń sá, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń jó. Àmì róbótó wà lápá àwọn bàálù náà. Mo ti rí àsíá Jàpáànù nínú ìwé nílé ẹ̀kọ́, mo sì máa ń gbọ́ ìtàn àwọn ará wa tó lọ jagun ní Bọ́mà lápá Éṣíà. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Bàálù ogun Jàpáànù kọlu àwọn sójà ní Bọ́mà, ogun àgbáyé kejì. Àmì pupa róbótó lápá."

Fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun ni o. Kò sí pupa kankan nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó dárúkọ Bọ́mà níbẹ̀. Igi ni mo rí. Síbẹ̀ inú mi dùn sí káàdì yẹn ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí ó jọ iṣẹ́ ẹni tó mọ̀wé. Nígbà tí Ọ̀gá dé, àárẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, àwọn káàdì náà sì ti wà nínú dúrọ́ọ̀. Kò bi mí, èmi náà ò sọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí fídíò fi wọlé dé. Kásẹ́ẹ̀tì ńláńlá ni wọ́n kọ́kọ́ kó wá, èyí tó tóbi tó Bíbélì orí pẹpẹ. Tẹ́lẹ̀, a ó fi abẹ gé fíìmù, a ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, a ó jókòó dúró kó gbẹ. Fídíò ò fẹ́ abẹ, kò fẹ́ gọ́ọ̀mù, bọ́tìnnì ni. Àwọn ọmọ tó dé lẹ́yìn wa fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà kọ́ ọ. Ọ̀gá ò fọwọ́ kàn án títí tó fi fẹ̀yìn tì, ó sì padà sí ìlú rẹ̀. Èmi ni wọ́n fi yàrá náà lé lọ́wọ́.

Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń lọ sópin ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ ìrántí àwọn sójà tó kú lójú ogun ku ọ̀la, pirodúsà kan sáré wọlé, ó ní òun ń wá àwòrán bàálù Jàpáànù ní Bọ́mà, kíákíá. Mo ní ó wà. Ká ní màlúù ló béèrè, ǹ bá má yára bẹ́ẹ̀. A da fíìmù náà sórí fídíò, wọ́n sì gbé e sáfẹ́fẹ́ lẹ́yìn ìròyìn ìrọ̀lẹ́. Ohùn kan ń sọ lábẹ́ rẹ̀ pé, "Àwọn bàálù tó pa àwọn ọmọ wa nìyí." Mo wò ó nílé, mo sì sọ fún ọkọ mi pé láti orí pákó mi ló ti wá.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni bàbá arúgbó kan dé ọ́fíìsì wa. Ó wọ agbádá Jímọ̀ọ̀, ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀. Wọ́n ti darí rẹ̀ láti yàrá kan sí èkejì láti àárọ̀ kí ẹnì kan tó ní kó lọ bá ẹni tó ń tọ́jú fíìmù. Orúkọ rẹ̀ ni Bàbá Sálíù, ará Gàmbàrí nínú Ìlọrin. Ó ti jagun ní Bọ́mà, Bàbá Bọ́mà ni wọ́n sì ń pè é ládùúgbò. Mo fún un ní àga, mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ọmọ mi," ló wí, "bàálù tí ẹ fi hàn níjọ́sí, ta ló sọ fún yín pé ti Jàpáànù ni?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Bàbá?"

"Kì í ṣe òun. Èèyàn méjì ló wà nínú èyí tí ẹ fi hàn. Èyí tó wá bá wa, ẹyọ ẹnì kan ló gbé. Mo rí orí rẹ̀. Wàláhì, mo rí i bí mo ṣe ń rí ọ yìí."

Ó wá sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Múmíní, ni wọ́n jọ kúrò ní Gàmbàrí lọ sójú ogun, òun nìkan ló sì padà wálé. Ohun tó sọ fún ìyá Múmíní nígbà tó dé ni pé bàálù kan tó gbé ẹyọ awakọ̀ kan fò wá sílẹ̀, ó sì yìnbọn pa Múmíní lójú ọ̀nà. Wọn ò rí òkú, wọn ò rí aṣọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu Bàbá Sálíù nìkan ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi kí ìrun sí i lára, tí wọ́n ṣe sàráà rẹ̀. Láti ìgbà náà, ó lé ní ogójì ọdún, ilé Múmíní kì í ṣọdún kí wọ́n má pe Bàbá Sálíù, wọn ò sì bí ọmọ kí wọ́n má gbé e wá fún un kó ṣàdúà sí i lórí. Àfi ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n jọ jókòó wo ètò wa. Bàbá Sálíù wí lójú gbogbo èèyàn pé bàálù yìí kọ́. Àbúrò Múmíní, Àlájì Yàháyà, wá bi í pé bí ohun tí tẹlifíṣàn fi hàn kò bá bá tirẹ̀ mu, kí ló tún kù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí kò bára mu.

"Láti ọjọ́ yẹn, kò jẹ́ sàlámà mi mọ́," Bàbá Sálíù wí. "Mo dé ẹnu ọ̀nà wọn, mo sàlámà lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé. Mi ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ ìjọba o. Kí ẹ ṣáà sọ pé kì í ṣe òun. Ẹni àádọ́rin ọdún ni mí, mi ò fẹ́ pàdé Ọlọ́hun pẹ̀lú orúkọ òpùrọ́."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, mo ti fa dúrọ́ọ̀, mo ti mú káàdì jáde. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí Ọ̀gá máa ń buwọ́ lù ṣófo. Mo da ojú rẹ̀ dé sórí tábìlì.

"A máa wádìí rẹ̀, Bàbá."

Ó dìde, ó sì bi mí bó ṣe ń lọ pé, "Ẹni tó kọ ọ́ yìí, ó mọ̀ ọ́n ni, àbí ó rò ó?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá," ni mo dáhùn.

Ojú tì mí lọ́jọ́ náà. Ẹnikẹ́ni ò rí i o, èmi àti yàrá tí kò ní fèrèsé la jọ mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tó lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé fíìmù náà jáde, mo fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó ní àwòrán kọ̀ọ̀kan, bó ṣe yẹ kí n ti wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Níbi tí bàálù kan ti yí ẹ̀gbẹ́ sókè, mo rí i. Gíláàsì orí rẹ̀ gùn. Orí ẹnì kan wà níwájú, orí ẹlòmíràn wà lẹ́yìn. Àwòrán méje péré ló fi hàn, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kan. Bàbá arúgbó yẹn rí i bó ṣe ń sáré kọjá, èmi tí wọ́n gbà síṣẹ́ nítorí ojú mi ni kò rí i.

Mo mọ ẹnì kan tó mọ bàálù. Ní Táíwò Road ni ọkùnrin kan ti ń tún fìríìjì ṣe, Sájẹ́ǹtì ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì bàálù ní iṣẹ́ ológun fún ọdún mọ́kànlá kó tó fẹ̀yìn tì. Bí ẹ bá gbé fìríìjì lọ bá a, ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ nípa bàálù ná. Mo gbé agolo fíìmù náà lọ lọ́jọ́ kejì. Ó na fíìmù náà sójú oòrùn, ó gbé awò sójú.

"Sista, ta ló pe èyí ní Jàpáànù?"

Mo ní kó tún un wò dáadáa.

"Hávádì nìyí. Bàálù tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ ni. Ìdí tí gíláàsì rẹ̀ fi gùn nìyẹn, ọmọ iṣẹ́ á jókòó síwájú, ọ̀gá á jókòó sẹ́yìn. Ẹ wo apá rẹ̀: iwájú apá dà sẹ́yìn, ẹ̀yìn apá lọ tààrà. Ọ̀kan wà ní ibùdó tí wọ́n ti kọ́ wa lókè òkun, ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Mo lè dá a mọ̀ nínú òkùnkùn."

"Àmì róbótó yìí ńkọ́?"

"Ọ̀dà ni. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ló kùn ún. Bàálù Jàpáànù tó ṣì lè fò ò wọ́pọ̀ mọ́ lẹ́yìn ogun, ṣé kí wọ́n má ṣe fíìmù ni? Wọ́n mú èyí tó wà nílẹ̀, wọ́n kùn ún, wọ́n ní kó máa fò." Ó tún wo fíìmù náà. "Eré ni gbogbo ẹ̀, Sista. Àwọn òkú tó sùn sílẹ̀ yìí, bí wọ́n bá ti parí, wọ́n á dìde lọ jẹun."

Mo ní kó kọ ọ́ sórí ìwé, ó kọ ọ́, ó buwọ́ lù ú. Mo mú ìwé náà lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó ètò. Ó kà á, ó dá a padà fún mi.

"Ta ló kọ káàdì náà?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló tún mọ̀?"

"Bàbá kan ní Gàmbàrí, sà."

"Bàbá kan." Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. "Sista Fúnkẹ́, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá jáde sọ pé bàálù tí a fi hàn kì í ṣe bàálù yẹn, lọ́la wọ́n á máa bi wá bóyá gómìnà tí a fi hàn ni gómìnà."

Mo padà sí yàrá mi, mo fa ilà sí gbogbo ohun tó wà lórí káàdì náà, mo sì tún un kọ: "Bàálù, ìjókòó méjì. Àmì róbótó dúdú lápá. Sójà ń sá. Igi." Ìyẹn ò ran Bàbá Sálíù lọ́wọ́. Ta ló máa wá ka káàdì nínú dúrọ́ọ̀ mi? Lọ́jọ́ Sátidé, tí ọ́fíìsì dá, mo gbé pírójẹ́tọ̀ kékeré tó wà lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú agolo fíìmù náà, mo wọ tákísí ní Post Office, mo lọ sí ilé Àlájì Yàháyà ní Gàmbàrí. Mi ò gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀ fún mi nídìí iṣẹ́, torí òun ni ẹ̀yin tó ń wá iṣẹ́ máa fẹ́ mọ̀. Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì. Mo gbé irinṣẹ́ ìjọba jáde láìgba àṣẹ, mo sì ba fíìmù jẹ́. Òótọ́ ni méjèèjì, n ò sì jiyàn. Wọ́n dá ìgbéga mi dúró fún ọdún méjì, àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ sì kọjá mi. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò fi dá oorun dúró. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 wọlé, kò sí ẹni tó tún ń béèrè fíìmù mọ́. Gílóòbù pírójẹ́tọ̀ jó, a ò rí òmíràn rà. Kásẹ́ẹ̀tì ń kéré sí i lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù wá kó gbogbo agolo náà lọ. Mo bi dẹ́rẹ́bà pé níbo ni, ó ní wọ́n ṣáà ní kí òun kó o kúrò ni. Mo ka agolo bí wọ́n ṣe ń kó wọn, mo sì jókòó ti àwọn káàdì tó kù nínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún díẹ̀ sí i kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní sọ rárá. Ẹ ó máa jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú otútù, ẹ ó sì máa rò pé nǹkan tí ẹ ń kọ ò kan ẹnikẹ́ni.

Ó yá, ilé Àlájì Yàháyà.

Ẹni ọgọ́ta ọdún lé díẹ̀ ni nígbà náà, oníṣòwò aṣọ, ó sanra, ó sì ní sùúrù lójú. Mo bá a lẹ́yìn ìrun Àìlà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ibi tí mo ti wá, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó ránṣẹ́ sí Bàbá Sálíù. Kò kọ́kọ́ fẹ́. Nígbà tó rí i pé mi ò dìde, ó ránṣẹ́. Bàbá Sálíù wọlé, ó sàlámà. Àlájì ò dá a lóhùn, ó kàn nawọ́ sí ẹní níbi tó jìnnà díẹ̀ sí tirẹ̀.

Mo sọ ọ́ kí n má baà tún fi pamọ́. "Èmi ni mo kọ ọ́ pé ti Jàpáànù ni. Kò sí ẹni tó sọ fún mi. Mo rò ó ni. Bàbá bi mí lọ́jọ́ tí wọ́n wá, mo sì parọ́ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Bàbá Sálíù mi orí. Wọ́n fi ẹní bo fèrèsé, mo dojú pírójẹ́tọ̀ kọ ògiri tí wọ́n kùn ní ẹfun, mo ti waya bọ iná, mo sì jẹ́ kí fíìmù sáré. Bàálù fò wá, sójà sá, ó parí.

"Mi ò rí èèyàn méjì," Àlájì wí.

Mo yí i padà, mo tún un ṣe.

"Ó yára jù. Mi ò rí i."

Mo mọ ohun tó kù. Wọ́n ti gba nǹkan mìíràn sórí fídíò tí a dà á sí, ẹyọ kan ṣoṣo ni fíìmù náà, kò ní èkejì. Mo tún un yí padà, mo gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì, mo ń ka àwòrán lọ́kàn mi. Bí bàálù ṣe yí ẹ̀gbẹ́ sókè, mo dá a dúró.

Ó dúró lórí ògiri gbagidi: gíláàsì gígùn, orí kan níwájú, orí kan lẹ́yìn. Àlájì Yàháyà na ìka sí i, ó kà á jáde lẹ́nu, "Ọ̀kan. Èjì." Bó ṣe pè é tán ni àárín àwòrán náà pọ́n, ó hó, ó sì lu ihò. Ihò náà fẹjú títí ìmọ́lẹ̀ funfun nìkan fi kù lórí ògiri. Òórùn fíìmù tó jóná gba yàrá. Mo pa ẹ̀rọ.

Mo sọ ohun tí Sájẹ́ǹtì sọ fún wọn, pé bàálù ìkọ́ṣẹ́ ni, pé wọ́n kùn ún ni, pé òṣèré ni gbogbo àwọn tó ń sá. Mo fi ìwé rẹ̀ hàn. Àlájì kà á, ó ká a, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ń dúró kó yíjú sí Bàbá Sálíù, kó sọ pé kó má bínú. Kò sọ ọ́. Bàbá Sálíù ló wá sọ̀rọ̀.

"Ó ku ọ̀kan tí n ò sọ," ló wí. Ilẹ̀ ló ń wò. "Nígbà tí bàálù yẹn wá, ọta ibọn kọ́kọ́ ba Múmíní lẹ́sẹ̀. Ó pè mí. Ó ní, 'Sálíù.' Mo gbọ́ ọ. Mo sì sá. Ìgbà tí bàálù náà padà wá lẹ́ẹ̀kejì ló pa á, inú igbó ni mo wà. Mi ò lè sọ ìyẹn fún ìyá yín."

Mo rò pé Àlájì máa bínú. Ó yọ fìlà, ó fi sórí itan.

"Ìyá wa mọ̀," ló wí. "Ọjọ́ tí ẹ sọ ọ́ fún wọn náà ni wọ́n ti mọ̀ pé ẹ sá. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n kú ni wọ́n sọ fún mi. Wọ́n ní ká má bi yín, pé bí ẹ ò bá sá, kò sí ẹni tí ì bá wá sọ fún àwọn ibi tí ọmọ àwọn dúró sí."

Bàbá Sálíù gbé ojú sókè.

"Kì í ṣe bàálù ni mo ń bá yín jà lé lórí," Àlájì wí. "Èmi ò mọ bàálù. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi ni mo ti ń retí kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́. Lọ́dọọdún tí ẹ bá wá ṣọdún pẹ̀lú wa, mo máa ń rò pé tọdún yìí ni ẹ máa sọ ọ́. Nígbà tí mo rí àyè níbi tẹlifíṣàn yẹn, mo fi bi yín."

Bàbá Sálíù sunkún. Kò bojú. Àlájì sún kúrò lórí ẹní tirẹ̀, ó lọ jókòó ti Bàbá Sálíù, ó sì ní, "Ó ní, 'Sálíù.' Kí ló tún sọ?" Bàbá Sálíù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe jí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ohun tí wọ́n jẹ, ẹni tó ń rìn níwájú. Wọ́n pe ìrun Àlàásárì, wọ́n dìde, Àlájì fún un ní ọ̀pá rẹ̀, wọ́n sì jọ jáde. Kò sí ẹni tó rántí pé mo wà níbẹ̀. Mo ṣí ẹní kúrò lójú fèrèsé, mo mú abẹ jáde, mo sì gé ibi tó jóná kúrò.